Ẹnu Tó Kọ́kọ́ Pe Àìná

Apá aṣọ ló kọ́kọ́ fi yé mi pé mo ti kúrò nílé. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Houinmè, ní Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, wọ́n ní kí n wọn ìyá ìjọ kan tó fẹ́ rán sùtánà funfun. Mo fa téèpù yọ, mo wọn apá ìyá, mo kọ méjìlélógún sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe kọ́ mi ní Abẹ́òkúta. Ìǹṣì ni mo kọ. Ẹni tó gé aṣọ náà kò lo ìǹṣì rí láyé rẹ̀, sẹ̀ntímítà ni gbogbo wọn ń lò níbẹ̀. Nígbà tí ìyá wọ sùtánà níwájú dígí, apá rẹ̀ kò dé ìgbọ̀nwọ́.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ní Faransé. Ọ̀gá mi náà ń pariwo. N kò gbọ́ ẹyọ kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Mo dúró, téèpù wà lọ́rùn mi, mo ń tẹnu mọ́ "ẹ má bínú, ẹ má bínú," àfi bí mo ṣe rí obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà tó na fóònù sí mi lójú, tó ń rẹ́rìn-ín. Felisité nìyẹn. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ó yà mí tán, ó ti fóònù bọ àpò, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ fún ìyá ìjọ, ó sì fi èdè Nàgó, èdè Gùn àti Faransé bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi jókòó. Òun náà ló dá a lábàá pé kí a wá aṣọ funfun díẹ̀, kí a fi ṣe àlékún apá náà.

"Ìwọ ni ará Nàìjíríà tuntun yẹn," ó wí fún mi. "Má sunkún mọ́, Telọ. Àwọn èèyàn ti ń rí ẹ, wọ́n ní o lẹ́wà."

"Àwọn èèyàn wo?"

Ó na fóònù sí mi. Ojú mi nìyẹn, ẹnu mi là sílẹ̀, ìyá ìjọ na apá sókè lẹ́yìn mi. Àwọn tó ti rí i pọ̀ ju gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ. Bí ọ̀rẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ará ilé kì í gbà pé ìdálẹ̀ ni mo wà. "Ṣé Àjàṣẹ́ náà?" ni wọ́n máa ń wí, bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé ni. Ẹni tó bá kúrò ní Abẹ́òkúta láàárọ̀ lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní Àjàṣẹ́, bí àwọn aṣọ́bodè bá jẹ́. Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, Nàgó ni wọ́n ń pè é. Èmi náà rò pé mo kàn ń ṣí lọ sí àdúgbò mìíràn ni nígbà tí mo bá Matíásì, ọkọ mi, wá sí ìlú àwọn bàbá rẹ̀. N kò mọ̀ pé èdè lè jẹ́ tẹni kí ìlú má jẹ́ tẹni. Lọ́jà, mo lè ná ata. Nílé oògùn àti níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba, Faransé ni, mo sì ń dà bí odi. Bí mo bá wá la ẹnu sọ Yorùbá tèmi, àwọn ọmọ àdúgbò á ní mo ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó ń bi mí pé ọmọ ta ni mí. Ní Abẹ́òkúta, n kò lè ra iyọ̀ kí ẹnìkan má bèèrè bàbá mi lọ́wọ́ mi.

Telọ ni bàbá mi. Abẹ́ máṣíìnì wọn ni mo ti kọ́ ìrìn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé èmi ni n ó jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú wọn bá di bàìbàì. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ bá Matíásì lọ, wọn kò jà, wọn kò ṣépè. Wọ́n dákẹ́ ni. Màmá mi nìkan ló wá síbi ìgbéyàwó wa, wọ́n sì ń wo ẹ̀yìn bí ẹni tó jí ara rẹ̀ gbé wá. Láti ìgbà náà, bí mo bá pe màmá, mo máa ń gbọ́ máṣíìnì bàbá mi lẹ́yìn ohùn wọn. Màmá á ní, "Ọmọ yín ń kí yín o." Máṣíìnì á dúró. Mo máa ń di èémí mú. Máṣíìnì á tún bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn tí mo ń rí gbà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí n má purọ́, Felisité lè sú èèyàn. Kó tó fọ ẹnu láàárọ̀ ló ti kí gbogbo ayé lórí fóònù. Àwọn ìlà kéékèèké tó máa ń wà lókè sítátọ́ọ̀sì, tó ń fi iye àwòrán hàn, tirẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n jọ ojú ìránṣọ. Ó yà mí níbi tí mo ti ń jẹ ìrẹsì, tẹnu-tẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó yà mí níbi tí mo ti sùn lé máṣíìnì lórí, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ti rẹ Nàìjíríà. Bó bá fi ohùn ránṣẹ́, mo lè dín ẹja tán kó tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo fi ẹ̀rín sọ ọ́, mo fi ìbínú sọ ọ́. "Ó dáa, Telọ, mi ò ní yà ẹ́ mọ́," ni yóò wí, fóònù yóò sì ti wà lókè.

Òun náà ló kọ́ mi ní òǹkà Faransé, orí téèpù mi ló sì ti kọ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ kan téèpù ni ìǹṣì, ẹ̀gbẹ́ kejì ni sẹ̀ntímítà. Láti kékeré ni mo ti ń lò ó, n kò yí i padà wo ẹ̀yìn rí. Felisité á fi ìka sí nọ́ńbà, èmi á pè é, àwọn obìnrin tó ń dirun á sì máa tún un ṣe fún mi. Lọ́jọ́ tí mo wọn oníbàárà kan láti èjìká dé kókósẹ̀, tí mo sì pe gbogbo òǹkà rẹ̀ ní Faransé láìṣi ẹyọ kan, ó hó yèè bí ẹni tí mo bímọ fún. Ó ti yà á, dájúdájú. Fídíò náà rìn títí ó dé ọ̀dọ̀ màmá mi, màmá sì gbé e fún bàbá mi. Wọ́n ní bàbá wò ó tán, wọn kò fọhùn, àmọ́ wọ́n ní kí wọ́n tún fi hàn àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Báwo ni n ó ṣe bínú sí irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ́?

Nígbà tí mo fẹ́ bímọ, Felisité ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tẹ̀lé mi wọ yàrá ìgbẹ̀bí. Ọmọ jáde, kò ké. Okùn ìwọ́ ti wé e lọ́rùn. Mo rí ọwọ́ agbẹ̀bí tó ń tú u, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Felisité di ọwọ́ mi mú débi pé èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Nígbà tí ọmọ ké níkẹyìn, ìyá ọkọ mi, tí à ń pè ní Màmá Akron nítorí pé àdúgbò Akron ni ilé wọn wà, ká ọwọ́ lérí.

"Àìná!" ni wọ́n wí. "Àìná, o kú ewu!"

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọbìnrin tó bá gbé okùn kọ́rùn wá, ọ̀run ló ti gbé orúkọ rẹ̀ bọ̀. Mo pe ilé. Màmá mi ń jó lórí fóònù, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Lẹ́yìn wọn, máṣíìnì dúró. Mo ń retí kó tún bẹ̀rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀. Ohùn bàbá mi ni mo gbọ́.

"Ṣé ara rẹ le?"

Mo ní ó le, sà.

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le, sà. Obìnrin ni."

Wọ́n ní, "Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní nǹkan kan. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ ìkómọ. Ẹnu mi ni kí orúkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde. Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́. N kò sọ ọ̀rọ̀ okùn fún wọn. Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má lọ rò pé ìdálẹ̀ fẹ́ pa mí lọ́mọ. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ojú ara wọn rí i pé ó ń mí. Mo sọ àṣẹ bàbá mi fún gbogbo ilé, Felisité wà níbẹ̀. "A gbọ́," ni gbogbo wọn wí. Láti ìgbà náà, Àlejò la ń pe ọmọ. Matíásì lọ ra bẹ́ẹ̀dì tuntun tí bàbá mi yóò sùn lé.

Kò tíì pẹ́ tí a délé tí Felisité wá kí wa, ó gbé ọbẹ̀ ẹja dání. Ó gbé ọmọ, ó kọrin fún un, ó lọ. Nígbà tó yá, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò dákẹ́. Àwọn tí a jọ lọ sílé ìwé ní Abẹ́òkúta ń kí mi kú ewu ọmọ. Mo ṣí ojú ewé Felisité. Ọmọ mi nìyẹn láàárín òdòdó tó ń tàn yẹ̀rì-yẹ̀rì, orin ń lọ lẹ́yìn, orúkọ mi wà níbẹ̀, wọ́n sì fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ pé: ÀÌNÁ TI DÉ O.

Mo pè é, kò gbé e. Irun ló ń dì. Kí ó tó yọ àwòrán náà, màmá mi ti pè. N kò gbọ́ máṣíìnì lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní oníbàárà kan wá gba aṣọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o, Bàbá Àìná!" Bàbá mi bèèrè pé Àìná wo. Obìnrin náà ṣàlàyé ohun tó rí lórí fóònù. Bàbá ká aṣọ rẹ̀ fún un, wọ́n kí i pé ó ṣeun, wọ́n sì jókòó.

"Ẹ fún wọn ní fóònù," ni mo wí.

Bàbá mi gbà á. "Ẹ ti sọmọ lórúkọ," wọ́n wí. "Ẹ kú oríire."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, okùn ló..."

Wọ́n ti dá fóònù padà fún màmá mi. Màmá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Wọ́n ní àwọn ò bọ̀ mọ́, ọmọ mi. Wọ́n ní kí ni àwọn tún ń bọ̀ wá ṣe?"

Felisité sáré dé, òòyà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò jẹ́ kó kí mi.

"Mo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ lórúkọ!"

"Ṣé èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ?" Ẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀, kì í ṣe àfojúdi. "Telọ, gbọ́ mi ná. Tí mo bá pè é ní Maríà, kí o nà mí. Àìná! Ṣé èèyàn ní ń sọ ọmọ ní Àìná? Ó gbé e wá ni. Mo rò pé orúkọ tí bàbá ẹ fẹ́ mú wá ni mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn."

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan èyíkéyìí?"

"Mo rò pé ó ti kú, Telọ." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo di ọwọ́ ẹ mú, mo ń wo ọmọ yẹn, mo rò pé ó ti kú. Nígbà tó ké, kí ni kí n fi ayọ̀ náà ṣe? Ibi tí mo ń gbé ayọ̀ sí náà ni mo gbé e sí."

Lónìí, mo lè rò ó kí àánú rẹ̀ ṣe mí. Lọ́jọ́ náà, inú ń bí mi débi pé ojú mi ṣú. Mo na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Mo ní, "Máa lọ. Ohunkóhun tó bá jẹ́ tèmi, tó bá jẹ́ ti ọmọ mi, o ò gbọdọ̀ yà á mọ́ láyé ẹ."

Màmá Akron ń wẹ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn kò dá sí i títí wọ́n fi nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí Felisité jókòó.

"Orúkọ, ti ọ̀run ni," wọ́n wí fún un. "Òótọ́ lo sọ. Àmọ́ ẹnu tó máa kọ́kọ́ pè é, ti ilé ni. Èmi náà ṣì í pè ní yàrá ìgbẹ̀bí, kí n tó gbọ́ àṣẹ. Tìrẹ ni pé o gbọ́ tán kó o tó pariwo."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn, kí n bẹ̀ wọ́n."

"Ta ní ń fi pọ́tábù, fóònù lásán, bẹ àgbà? Orúnkún ni wọ́n fi ń bẹ̀. Lọ múra. Láàárọ̀ ọ̀la, èmi pẹ̀lú ẹ là ń lọ."

Wọ́n lọ lóòótọ́, ìyá arúgbó tí kò dé Abẹ́òkúta rí àti onídìrí tí kò lè dákẹ́. Èmi àti ọmọ jókòó sílé.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì tuntun yẹn, mo ń bi ara mi pé ilé wo. Ilé bàbá mi, tí n kò wọ̀ láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ? Tàbí ilé yìí, níbi tí wọ́n fẹ́ràn mi, tí wọ́n sì ń sọ fún àlejò pé "ìyàwó wa ti Nàìjíríà" nìyí? Ìbẹ̀rù mi ni pé bí bàbá mi kò bá wá, ọmọ mi yóò dàgbà láìní ẹ̀yìn, bíi tèmi nílé oògùn, tí kò sẹ́ni tó lè bi í pé ọmọ ta ni.

Mo ṣí ojú ewé Felisité. Kò sí nǹkan kan. Obìnrin tó máa ń ya ìfọṣọ rẹ̀, tó máa ń ya ẹyin tó fẹ́ dín, ó lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, kò ya ojú ọ̀nà, kò ya bodè, kò ya Olúmọ. Mo tì í, mo tún un ṣí. Èmi tí mo ń bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́, mo ń fi gbogbo ara wá ìlà kékeré kan lókè yẹn, kí n lè mọ̀ bóyá bàbá mi ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Mo pe màmá mi, kò wọlé. Ọmọ ké, mo fún un lọ́mú, mo tún ojú ewé náà ṣí. Òfìfo.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó dé. Eruku bo Màmá Akron láti orí dé ẹsẹ̀.

"Wọ́n gbọ́ wa," wọ́n wí. "Wọn ò dá wa lóhùn. A kúnlẹ̀ láti ìgbà tí a dé, wọ́n ń ránṣọ lọ ni."

"Wọn ò sọ nǹkan kan rárá?"

Felisité dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. "Nígbà tí mo sọ bí okùn ṣe wé e lọ́rùn," ó wí, "tí mo sọ pé kò ké, máṣíìnì dúró. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n tún bẹ̀rẹ̀."

Mo mọ ìdáhùn yẹn. N kò kàn mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni.

Lọ́jọ́ ìkómọ, ilé Màmá Akron kún. Mo ti sọ fún Matíásì pé n kò fẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tún ṣẹlẹ̀, ó sì gba fóònù gbogbo èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, ó kó wọn sínú agbọ̀n, ó gbé e wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Felisité fi tirẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó bi í. Oyin, iyọ̀, omi àti obì wà lórí àtẹ. A ń retí. Ìbátan ọkọ mi kan wo ojú ọ̀run, ó ní oòrùn ti ń gòkè, kí a bẹ̀rẹ̀. Matíásì bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù. Kò pẹ́ tó tún sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, Màmá Akron fúnra wọn wò mí, mo rí i lójú wọn pé sùúrù ti tán. Mo dìde kí n gbé ọmọ fún wọn.

Fèrè ọkọ̀ dún níta. Màmá mi ló kọ́kọ́ wọlé, wọ́n ń sáré. Bàbá mi tẹ̀lé wọn, wọ́n wọ dàńṣíkí búlúù tí mo rán fún wọn kí n tó kúrò nílé.

Wọn kò wò mí. Wọ́n kí àgbà ilé, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n gba ọmọ. Wọ́n fi ìka kan tọ́ ọrùn rẹ̀ yíká, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wọn ọrùn aṣọ. Wọ́n fi ẹnu sí i létí kí ẹlòmíràn tó gbọ́.

"Àìná," ni bàbá mi wí lẹ́yìn náà, sókè. "Ọ̀run ti sọ tirẹ̀, n kò lè yí i. Àmọ́ oríkì ṣì kù. Ìyá arúgbó kan gba bodè kọjá wá kúnlẹ̀ nítorí ọmọ yìí, orúnkún rẹ̀ fẹ́ bẹ́ sí mi lọ́rùn." Wọ́n wo Màmá Akron, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbẹ̀ní ni oríkì rẹ̀. Ẹ bẹ̀ mí, ẹ ní in."

Ilé hó. Bàbá mi ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n fa bùbá funfun kékeré kan yọ. Èyí tí wọ́n ń rán nìyẹn nígbà tí Màmá Akron àti Felisité kúnlẹ̀ fún wọn. Wọ́n wọ̀ ọ́ fún ọmọ, apá aṣọ gùn kọjá ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó wò mí.

"N kò rí i wọ̀n," ni wọ́n wí. "Yóò dàgbà bá a."

Mo dọ̀bálẹ̀ dípò kí n kúnlẹ̀, n kò mọ ohun tí mo ń ṣe. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo inú ilé yíká. "Ọ̀rẹ́ rẹ tó máa ń ya fọ́tò dà?"

Felisité wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan. Ó wo yàrá tí fóònù wà, ó wò mí. Mo ń sunkún, mo gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, n kò ní kó mú un wá. Ọkọ̀ tó gbé àwọn òbí mi wá ti ń fọn fèrè níta, kí bodè má baà há wọn mọ́. Wọn kò tilẹ̀ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì náà.

Láti ìgbà náà, bí mo bá pe ilé tí máṣíìnì dúró, ohùn bàbá mi ló ń tẹ̀lé e. "Àbẹ̀ní ńkọ́?" ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè. A ti pinnu pé bí ọmọ bá ti rìn, a ó gbé e lọ sí Abẹ́òkúta kó lọ kí wọn. Kò tíì rìn tí màmá mi pè mí. Kò sí ìró máṣíìnì lẹ́yìn wọn, wọ́n ní bàbá mi ti pa ipò dà.

Àìná ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Ó ń fi Nàgó bá Màmá Akron jà, ó ń fi Faransé bá olùkọ́ sọ̀rọ̀, ó sì ń sọ Yorùbá bíi rédíò nígbà tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Felisité kò yí padà. Ó ń ya ẹyin rẹ̀, ó ń ya òjò, ó ń fi ohùn tó gùn bí ìwàásù ránṣẹ́. Mo máa ń gbọ́ wọn dópin. N kò bá a jà mọ́.

Ní ìjẹta, Àìná rí bùbá funfun náà nínú àpótí mi, ó bi mí pé ta ló rán an.

"Bàbá Abẹ́òkúta ni."

"Ṣé wọ́n gbé mi rí?"

"Wọ́n gbé ẹ. Àwọn ló kọ́kọ́ pè ẹ́ lórúkọ."

"Fi hàn mí."

Mo mú un lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Felisité. Lójú ọ̀nà, mo ń gbàdúrà pé kó ti ṣàìgbọràn sí mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, kó ti ní fóònù kejì lábẹ́ ìró, kó ti ya ohunkóhun, ọwọ́ lásán, ẹ̀yìn orí lásán. Mo sọ ohun tí a wá fún. Felisité gbé òòyà sílẹ̀. Kò tilẹ̀ ṣí fóònù. Ó wo Àìná, ó wò mí.

"O ní kí n má yà á mọ́, Telọ."